Àbùlẹ̀ Kọ̀ǹpútà àti Ilé-iṣẹ́ Kékeré

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ẹnì kan tí mo mú gẹ́gẹ́ bí àbúrò, tí ó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní ìlú Kàdúná, ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá òun wo ọ̀rọ̀ kan. Kọ̀ǹpútà méje ni ó ní, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju mẹ́sàn-án lọ. Ìwé kíkà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ni iṣẹ́ wọn gan-an, ní èdè Haúsá, èdè Yorùbá àti èdè Ígbò. Káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú ni ó sì ń mú owó oṣù wá. Lójú márùn-ún nínú àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí, ìkìlọ̀ kan ti ń yọ láràárọ̀ pé bí ó bá di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, Microsoft tí ó ṣe Windows 10 yóò jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn méjì yòókù kò kìlọ̀ ohunkóhun. Windows XP ni ó wà nínú wọn, ẹni tí ó ṣe é sì ti jáwọ́ lára rẹ̀ láti ọdún 2014.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "gbogbo wọn ni ó ń ṣiṣẹ́. Kí ni ìdí rẹ̀ tí n óò fi pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́?"

N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá pààrọ̀ wọn, owó tí ó ti ń tọ́jú láti ọdún méjì láti fi ra ẹ̀rọ ìgéwé ni yóò bá a lọ. Bí kò bá sì pààrọ̀ wọn, tí olè wá rí ọ̀nà wọ inú wọn, ìwé mọ́kànlélógójì tí wọ́n ti tò sínú wọn láti nǹkan bí ogún ọdún lè ṣègbé ní òru ọjọ́ kan. Díẹ̀ nínú àwọn tí ó kọ ìwé wọ̀nyí ti kú, ìwé àfọwọ́kọ wọn kò sì sí mọ́. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo kọ sí i ni èyí, pẹ̀lú díẹ̀ tí mo fi kún un fún ẹ̀yin òǹkàwé. Ìtàn ni mo fi dá a lóhùn, nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ ti pẹ́ láyé, àwọn kan sì ti fi ohun ńlá ra ìdáhùn rẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Irin àti gíláàsì lásán ni kọ̀ǹpútà bí kò bá sí ètò kan nínú rẹ̀ tí ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀, tí ń sọ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pé kí ó tẹ̀wé, tí ó mọ ibi tí a tọ́jú ìwé sí, tí ó sì ń pinnu ẹni tí ó lè wọlé àti ẹni tí kò lè wọlé. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní operating system. Èmi yóò máa pè é ní ètò adarí. Gbogbo ètò mìíràn tí a ń lò, ìbáà ṣe ti ìṣirò owó tàbí ti ìwé títò, orí rẹ̀ ni ó dúró lé bí ilé ti ń dúró lórí ìpìlẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ṣòro láti pààrọ̀: kò sí bí a ti lè yọ ìpìlẹ̀ kí ògiri má mì.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré rẹ̀ jáde pẹ̀lú ètò adarí tí Microsoft pèsè fún un. Ọdún 1985 ni Windows kìn-ín-ní jáde. Nígbà tí Windows 95 dé ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1995, àwọn ènìyàn tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ní ọ̀gànjọ́ òru bí ẹni tí ó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì eré bọ́ọ̀lù. Ohun tuntun ni ó ń fa ènìyàn nígbà náà. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ètò adarí rẹ̀ a rí àwòrán tí ó dára jù, a sì rí iṣẹ́ tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2001 ni Windows XP jáde. Òun ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré ní ilẹ̀ wa kọ́kọ́ mọ̀ dunjú, tí wọ́n sì fẹ́ràn.

Ọdún 2007 ni ojú àwọn ènìyàn là. Windows Vista jáde fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún náà, ó sì wúwo. Kọ̀ǹpútà tí ó ń sáré lábẹ́ XP a máa wọ́ lábẹ́ Vista. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ tí a fi ń ya àwòrán ìwé kò bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn tí ó ṣe wọ́n kò tí ì kọ ètò tí yóò mú kí wọ́n gbọ́ èdè ara wọn. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́, ńlá àti kékeré, kọ̀ láti gbà á. Microsoft pàápàá sún ọjọ́ tí wọn yóò ṣíwọ́ títa XP síwájú dé ìparí oṣù kẹfà ọdún 2008, wọ́n sì jẹ́ kí ó wà lára àwọn kọ̀ǹpútà pẹ́pẹ́ẹ̀pẹ́ olówó pọ́ọ́kú títí di ọdún 2010. Nígbà tí Windows 7 jáde ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2009, tí ó sì dára, àwọn tí ó fo Vista dá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti pa owó wọn mọ́, ohunkóhun kò sì ṣe wọ́n.

Èmi kò bá wọn wí. Ìpinnu tí ó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ nínú rẹ̀ kò pé. Wọ́n rò pé àìpààrọ̀ ni ó dá ẹ̀mí wọn sí. Kì í ṣe òun. Ohun tí ó dá wọn sí ni pé ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jókòó ti XP wọn, ẹni tí ó ṣe XP ń bá wọn lẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù.

Nínú ọ̀rọ̀ lílẹ̀ yìí ni gbogbo ẹjọ́ wà, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ètò adarí kì í ṣe ohun tí ọwọ́ ẹnì kan hun tán ní ọjọ́ kan. Àìmọye ìlà àṣẹ ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kọ wọ́n, kò sì sí aṣọ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní ihò níbì kan. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni àwọn ihò náà ń hàn, olóòótọ́ ń rí i, olè náà sì ń rí i. Ní oṣù keje ọdún 2003, Microsoft fi àtúnṣe kan síta fún irú ihò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí. Ní oṣù kẹjọ, kí oṣù kan tó pé, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní Blaster gba ihò náà wọlé, ó sì ń pa kọ̀ǹpútà kí ó tó tún tan án káàkiri ayé. Láti oṣù kẹwàá ọdún náà ni Microsoft ti mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọn yóò máa kó àtúnṣe wọn jáde, bí ọjà tí a ń ná lóṣooṣù. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó lá àlá kọ̀ǹpútà: àbùlẹ̀ ni í mú aṣọ tọ́, ẹni tí kò tọ́jú àbùlẹ̀ yóò ṣe ara rẹ̀ lófò aṣọ. Nítorí náà, àbùlẹ̀ ni n óò máa pe àwọn àtúnṣe wọ̀nyí.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ onílé-iṣẹ́ kò mọ̀. Nígbà tí a bá fi àbùlẹ̀ síta fún ètò adarí tuntun, olè a gbé e, a tú u wò, a sì ti ibẹ̀ mọ ibi tí ihò náà wà. Bí irú ihò kan náà bá wà nínú ètò adarí àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lẹ̀ mọ́, a jẹ́ pé àbùlẹ̀ tí a fi dáàbò bo ọmọ ni ó júwe ilé bàbá fún olè. Aṣọ tí a fi sínú àpótí kì í gbó ju bí a ti fi í síbẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ètò adarí tí a kò lẹ̀ mọ́ ń burú sí i lójoojúmọ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014, Microsoft jáwọ́ nínú XP lẹ́yìn ọdún méjìlá àti ààbọ̀. Wọ́n ti kéde rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́ bá ọ̀kẹ́ àìmọye kọ̀ǹpútà tí XP ṣì wà nínú wọn. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san nǹkan bí mílíọ̀nù 5.5 pọ́n-ùn kí Microsoft lè máa bá wọn lẹ̀ ẹ́ fún ọdún kan sí i. Nígbà tí ọdún náà pé, wọn kò san òmíràn. Wọ́n ti kọ̀wé sí àwọn ilé ìwòsàn pé kí wọ́n ti múra láti kúrò lórí XP kí oṣù kẹrin ọdún 2015 tó dé. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan kò gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017. Ní ọjọ́ náà, kòkòrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ WannaCry bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí inú òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun. Bí ó bá wọlé tán, a fi àgádágodo àṣírí ti gbogbo ìwé tí ó bá níbẹ̀, a sì kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé kí onílé san 300 dọ́là ní owó bitcoin. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá, owó náà di 600. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, iye àwọn tí ó kọlù ti lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Renault dá iṣẹ́ dúró ní àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kan ní Faransé. Pátákó tí ń sọ àkókò ọkọ̀ ojú irin ní Jámánì di pátákó olè. Ṣùgbọ́n NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ìyà náà hàn lára rẹ̀ jù. Nínú àjọ ilé ìwòsàn 236 tí ó wà ní England, ó kéré tán 81 ni iṣẹ́ wọn dàrú. Àwọn dókítà padà sí orí bébà àti gègé. Àwọn ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn yà kúrò ní ilé ìwòsàn kan lọ sí òmíràn. Ìpàdé aláìsàn pẹ̀lú dókítà tí wọ́n kà tí wọ́n fagi lé jẹ́ 6,912, àwọn olùyẹ̀wò ìjọba sì gbà pé iye rẹ̀ gan-an jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Marcus Hutchins, ni ó rí orúkọ ìkànnì kan nínú kòkòrò náà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì rà, ó fi owó tí kò tó dọ́là 11 rà á, kòkòrò náà sì dáwọ́ dúró. Òun fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ ìṣọ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí a ń pè ní NSA ni ó kọ́kọ́ mọ ihò tí kòkòrò yìí gbà wọlé. Wọ́n fi pamọ́ fún ìlò ara wọn títí tí àwọn kan fi jí àṣírí náà, tí wọ́n sì tú u síta ní oṣù kẹrin ọdún 2017. Ṣùgbọ́n Microsoft ti fi àbùlẹ̀ rẹ̀ jáde láti ọjọ́ 14 oṣù kẹta, nǹkan bí oṣù méjì kí WannaCry tó dé.

Èmi náà, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ti máa ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn pé XP ni ó fa àjálù yìí. Ohun tí àwọn ìwé ìròyìn kọ́kọ́ kọ nìyẹn. Nígbà tí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò náà kò tilẹ̀ mọ bí a ti ń wọ XP dáadáa. Kọ̀ǹpútà XP a máa kú lé e lọ́wọ́ kí ó tó ráyè tàn kálẹ̀. Windows 7 ni ó wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó mú, bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2017, Microsoft ṣì ń tọ́jú Windows 7, yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ títí di oṣù kìíní ọdún 2020. Àbùlẹ̀ wà. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn onílé ni kò lẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ti pààrọ̀ XP rẹ̀, tí ó sì rò pé òun ti ṣe tán, ni ó jìyà ju ẹni tí kò pààrọ̀ rárá lọ. Ohun tí mo kọ lókè nípa àwọn tí ó fo Vista ni ó tún padà wá yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a kàn yí síta.

Oṣù méjì kò tíì pé lẹ́yìn èyí tí òmíràn fi dé, èyí sì kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ó jẹ́ ti ẹbí kan wà ní Kyiv, olú-ìlú Ukraine, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Linkos. Ètò ìṣirò owó kan tí wọ́n ń pè ní M.E.Doc ni wọ́n ń ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní ilẹ̀ náà fi ń san owó orí. Àwọn olè kan, tí ìjọba Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ lẹ́yìn náà pé ológun ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n, wọ inú kọ̀ǹpútà tí Linkos fi ń pín àbùlẹ̀ tirẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Inú àbùlẹ̀ gan-an ni wọ́n gbé májèlé sí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 2017, májèlé náà bú jáde. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni NotPetya. Ó ṣe bí ẹni tí ń béèrè owó ìràpadà, ṣùgbọ́n irọ́ ni: kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tí a lè fi ṣí ohun tí ó tì. Ihò kan náà tí WannaCry gbà ni ó ń gbà, bí kò bá sì rí ihò, a jí ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ó bá nínú kọ̀ǹpútà kan láti fi wọ òmíràn, títí kan èyí tí wọ́n ti lẹ̀ dáadáa.

Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti ilẹ̀ Dẹ́nmákì, ní M.E.Doc nínú kọ̀ǹpútà kan ní ìlú Odessa. Ìyẹn tó. Àwọn ará Àpápá ní Èkó mọ Maersk dáadáa, nítorí pé ẹ̀ka rẹ̀ kan ni ó ń ṣàkóso èbúté àpótí ẹrù níbẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ńlá yìí dákẹ́ káàkiri ayé, ọkọ̀ ẹrù sì tò sí ẹnu èbúté láìsí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó wà nínú àpótí. Ìwé ìròyìn Wired ròyìn ní ọdún 2018 pé títí di ọjọ́ náà, Windows 2000, tí Microsoft kò tọ́jú mọ́, ṣì wà nínú díẹ̀ lára àwọn kọ̀ǹpútà àgbà wọn. Pé ní ọdún 2016 àwọn kan nínú ilé-iṣẹ́ náà ti dábàá àtúntò, pé wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì ya owó sọ́tọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n pé kò sí lára àwọn iṣẹ́ tí a fi ń díwọ̀n ẹ̀bùn owó àwọn ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì ṣe é parí.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ́, wọ́n rí ẹ̀dà ọ̀pọ̀ ìwé wọn, ṣùgbọ́n ohun kan sọnù. Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà, nǹkan bí 150, tí wọ́n dà bí oníbodè: àwọn ni ó mọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ àti ibi tí olúkúlùkù lè wọ̀. Oníbodè kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀dà gbogbo àwọn yòókù, nítorí náà wọ́n rò pé gbogbo wọn kò lè kú pọ̀. Wọ́n kú pọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó yè, Gánà ni ó sì wà. Kì í ṣe ọgbọ́n ni ó yọ ọ́. Iná mànàmáná ni ó lọ níbẹ̀ kí NotPetya tó dé, ẹ̀rọ náà sì ti kú kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ti gégùn-ún fún àìsíná láti ọdún yìí wá, ẹ fi orí jì í ní ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n gbìyànjú láti fi íntánẹ́ẹ̀tì gbé ohun inú rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ó lọ́ra débi pé yóò gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọ́n wá ẹni tí yóò fò lọ láti Gánà. Kò sí ẹni tí ó ní ìwé ìwọ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òṣìṣẹ́ kan wá gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Nàìjíríà, ó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ẹni yẹn sì gbé e dé London. Láti inú ohun kékeré tí ènìyàn lè gbé sí abíyá yìí ni wọ́n ti tún Maersk kọ́. Alága wọn sọ ní oṣù kìíní ọdún 2018 pé kọ̀ǹpútà àgbà 4,000 àti kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ 45,000 ni wọ́n tún ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Àdánù wọn tó 250 sí 300 mílíọ̀nù dọ́là.

Mo ka èyí fún àbúrò mi, ó sì fi èsì gún mi lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ pé àbùlẹ̀ dára, ẹ tún sọ pé inú àbùlẹ̀ ni májèlé ti wá. Èwo ni kí n mú?"

Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Ìdáhùn mi ni pé ẹni tí ó jẹ májèlé nínú oúnjẹ kì í torí èyí gbààwẹ̀ títí ayé. Ìhò tí a kò lẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ju àbùlẹ̀ olóró lọ. Ṣùgbọ́n ìtàn Gánà fi hàn pé àbùlẹ̀ nìkan kò tó: ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà tí okùn kankan kò so mọ́ àwọn yòókù. Mo béèrè ibi tí ẹ̀dà tirẹ̀ wà. Ó fi háàdì dísìkì kan hàn mí tí ó wà lára kọ̀ǹpútà kejì láti ọjọ́ tí ó ti rà á, tọ̀sán tòru.

Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sí ìdí àwọn kọ̀ǹpútà náà, ìgbà yẹn ni mo sì rí ohun tí kò kọ sí mi. Nítorí owó dátà, ó ti sọ fún gbogbo Windows 10 rẹ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò jẹ́ èyí tí à ń díwọ̀n, kí wọ́n má fi gba ohun ńlá wọlé. Wọ́n gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Àbùlẹ̀ ìkẹyìn tí ó wọ inú èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ti pé oṣù mẹ́rìnlá. Gbogbo àníyàn rẹ̀ lórí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, ẹ̀yìn ẹṣin tí ó ti sá lọ ni ó ń ti ilẹ̀kùn gágá sí. Kọ̀ǹpútà márùn-ún tí ó pè ní tuntun kò sàn ju méjì tí ó pè ní àtijọ́ lọ, kí a má tilẹ̀ sọ pé wọ́n burú jù, nítorí pé àwọn ni ó ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Láti ibẹ̀ lọ, ìpinnu náà kò ṣòro mọ́. Windows 11, tí ó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2021, kò gba gbogbo kọ̀ǹpútà. Ó ń béèrè ẹ̀yà kékeré kan tí a ń pè ní TPM 2.0, tí ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí, ó sì fẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò tíì gbó. Mẹ́ta nínú márùn-ún yege, wọ́n sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Méjì kò yege. Microsoft kéde pé àwọn yóò máa lẹ Windows 10 fún ilé-iṣẹ́ tí ó bá san 61 dọ́là lórí kọ̀ǹpútà kan ní ọdún kìíní, kí owó náà sì di ìlọ́po méjì ní ọdún kọ̀ọ̀kan, títí di ọdún mẹ́ta. Fún ilé-iṣẹ́ ńlá, ó lè bójú mu. Fún tirẹ̀, mo sọ ọ́ láìfi bò pé owó ìfiṣòfò ni. A fi Ubuntu, ọ̀kan nínú ìdílé Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, sínú èyí tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà àti ìwé owó, kò sì ná wa ju dátà lọ. Akọ̀wé rẹ̀ ráhùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì dákẹ́. Ìkejì ni ó fi tòkúnbọ̀ kan rọ́pò.

XP méjèèjì ni ó kù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti dun ọkàn. Ètò PageMaker ni wọ́n fi to àwọn ìwé mọ́kànlélógójì náà, èyí tí ìtẹ̀jáde ìkẹyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2001. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe PageMaker nìkan ni ìṣòro. Ní ìgbà tí kọ̀ǹpútà kò tí ì mọ lẹ́tà wa, àwọn atẹ̀wé ilẹ̀ yìí fi ọgbọ́n orí ya ẹ, ọ àti ṣ, àti ɓ, ɗ àti ƙ ti Haúsá, sí ipò àwọn àmì tí wọn kì í sábà lò. Ojú ń rí ƙ lórí bébà, ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà, àmì mìíràn ni. Unicode, tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, ti fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, àwọn ètò adarí òde òní sì mọ̀ wọ́n. Ìwé tí a tò kí a tó máa lò ó kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá ṣí wọn níbòmíràn, gbólóhùn Haúsá a di àmì ìbéèrè àti àkámọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé kí a kàn gbé XP jù sí ààtàn kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

A kò pààrọ̀ wọn. A yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára wọn, a mú ètò tí ń gba ìsopọ̀ kúrò nínú wọn, a sì lẹ bébà mọ́ wọn lójú pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ láìgbàṣẹ. A ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé sí inú háàdì dísìkì méjì. Ọ̀kan wà nínú àpótí irin ní ọ́fíìsì, ìkejì sì ń sùn ní ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù, ó ń ra dátà fún àbùlẹ̀ nìkan, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìnáwó rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ owó epo jẹnẹrétọ̀.

Ọmọbìnrin kan tí ó gbọ́ Haúsá àti Yorùbá ni ó ń jókòó báyìí láàárín XP kan àti kọ̀ǹpútà tuntun kan, tí ń tún ìwé wọ̀nyí tò ní Unicode, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú ìwé tí a ti tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè fi wé e. Nígbà tí mo kúrò ní Kàdúná ní oṣù kejìlá, ó ti parí mẹ́ta. Àbúrò mi kò tíì ra ẹ̀rọ ìgéwé náà.